Ṣé èèyàn lè kọ́ yíyìnbọn sí àwo tó ń fò nínú pálọ̀ rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Akobo ni mo ń gbé, ní Ìbàdàn níbí. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú Ọba, ó sì mú mi lọ sí pápá kan níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí àwo amọ̀ tí ẹ̀rọ ń jù sókè. Ó wù mí kọjá àfẹnusọ, ṣùgbọ́n agbára káká ni mo fi fọ́ ẹyọ kan. Mo ń padà lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án láti lọ kàwé, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò ní ìbọn, mi ò sì ní í lọ́kàn láti rà á. Mo gbọ́ pé símúlétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe àfarawé pápá, wà tí èèyàn lè lò nínú ilé: òmíràn ń lo lésà, òmíràn wà tí wọ́n ń dé sójú. Ṣé wọ́n ń kọ́ èèyàn lóòótọ́, àbí géèmù lásán ni? Èwo ni kí n rà? Bàbá mi àgbà, tó jẹ́ ọdẹ ní Lálùpọn, ní kí n má náwó dànù, kí n wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ òun.

ÌDÁHÙN

Wọ́n ń kọ́ èèyàn. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ni yàtọ̀ sí ohun tí àwọn tó ń tà wọ́n ń pariwo. Àwọn á ní ẹ ó mọ bí wọ́n ṣe ń yìn síwájú àwo, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ti máa ń purọ́. Ohun tí ẹ lè rí kọ́ dáadáa nínú pálọ̀ ni bí ìbọn ṣe ń dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èjìká lọ́nà kan náà nígbà gbogbo, àti bí ọwọ́ kò ṣe ní dúró nígbà tí ìka bá fà á. Bí ẹ bá rí méjèèjì yìí kọ́ kó tó di oṣù kẹsàn-án, owó yín kò ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, torí láìsí ìṣirò yìí, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń tàn yín. Àwo tí wọ́n ń lò ní Òlíńpíìkì fẹ̀ tó mílímítà 110, ó sì wúwo tó gíráàmù 105. Bí àwo bá ń kọjá níwájú yín ní mítà 30, ó lè máa sá ní nǹkan bíi mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta wẹ́wẹ́ inú kátíríìjì ń jáde lẹ́nu ìbọn ní bíi mítà 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ afẹ́fẹ́ tètè ń dín eré rẹ̀ kù, débi pé kó tó dé mítà 30, ó ti gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwo ò dúró dè é. Ó ti rin mítà méjì. Bí ẹ bá yìn ín síbi tí ẹ ti rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọta máa gbà kọjá. Ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí mọ̀ ọ́n: èèyàn yín tó ń sáré lọ sójú ilé, iwájú rẹ̀ lẹ ń gbá a sí, ẹ kì í gbá a sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wá gbé ìṣirò yẹn wọ pálọ̀. Ẹ dúró ní mítà mẹ́ta sí ògiri. Kí àwo tó wà ní mítà 30 tó lè tóbi lójú yín bó ṣe ń tóbi ní pápá, mílímítà 11 péré ló gbọ́dọ̀ fẹ̀ lára ògiri yẹn. Mítà méjì tó yẹ kí ẹ fi síwájú rẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ àmì méjì síbẹ̀, ọ̀kan fún àwo, ọ̀kan fún ibi tó yẹ kí ẹnu ìbọn máa wò, kí ẹ sì padà sẹ́yìn wò ó. Ẹnu máa ń ya àwọn tí mò ń kọ́ nígbà tí wọ́n bá rí àlàfo yẹn, torí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti rò pé bí ìbọn bá ti ṣáájú àwo ní ìwọ̀n fífẹ̀ àwo kan, ó ti tó.

Nínú símúlétọ̀ tó ń lo prójẹ́kítọ̀, kámẹ́rà ló ń rí iná lésà tó ń jáde lẹ́nu ìbọn, kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò, prójẹ́kítọ̀ ló ń ya àwòrán sára ògiri, gbogbo wọn ló sì ń jẹ díẹ̀ nínú àkókò. Ká ní gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ojú yín ò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà yẹn, àwo tó ń sá ní mítà 20 ti rin mítà kan gbáko, bẹ́ẹ̀ sì ni ọta wẹ́wẹ́ kì í sábà tàn ká ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 lọ ní mítà 30. Àṣìṣe mítà kan, òfo ni. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí ń gbìyànjú láti ṣàtúnṣe ìdádúró yẹn, àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í dá ara wọn láàmú. Ọwọ́ yín á wá mọ ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fẹ́, ẹ ó máa fọ́ àwo bíi kí wọ́n gbé yín gẹ̀gẹ̀ nínú ilé, kí ẹ tó dé pápá gidi kí ìwọ̀n yẹn má bá a mu mọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń ka máàkì tí símúlétọ̀ bá fúnni sí nǹkan kan.

Ní ti èwo lẹ máa rà: irú èyí tí DryFire ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ń tan iná lésà kékeré sára ògiri bí àwo, ó tún ń fi lésà mìíràn tí ojú ò rí sẹ́nu ìbọn, kó lè mọ ibi tí ẹ yìn sí. Ó dára. Àmọ́ ìbọn gidi ni wọ́n ṣe é mọ́, ẹ sì ti ní ẹ ò fẹ́ rà á. Mo fara mọ́ ọn. Lábẹ́ òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959, ìbọn ẹlẹ́nu méjì nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Èyí tó ń kó kátíríìjì wọlé fúnra rẹ̀ tàbí tí wọ́n ń fọwọ́ fà kó tó wọlé, ọ̀dọ̀ àwọn ìbọn tí òfin kà léèwọ̀ ló bọ́ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìbọn afẹ́fẹ́ náà wà lára àwọn tó nílò ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ohun ìṣeré. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú lórí èyí, orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà ní Ẹlẹ́yẹlé, ẹ lọ bi wọ́n kó tó di pé wọ́n bi yín.

Ó wá ku awò VR, ìyẹn èyí tí wọ́n ń dé sójú tó ń fi àwòrán pápá hàn yín, bíi Meta Quest, pẹ̀lú géèmù bíi Clay Hunt VR. Òun ni mo fọwọ́ sí fún yín. Kò béèrè prójẹ́kítọ̀, bátìrì rẹ̀ sì máa ń gbé e tó nǹkan bíi wákàtí méjì, nítorí náà bí IBEDC bá mú iná lọ, kò kàn yín. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pá ìdarí tó wà lọ́wọ́ fúyẹ́ bí ìyẹ́, nígbà tí ìbọn pápá wúwo tó kílò mẹ́ta ààbọ̀. Ẹni tó fi ohun fúyẹ́ kọ́ ọwọ́, apá rẹ̀ á máa gbọ̀n ní pápá.

Ẹ lọ bá káfíńtà. Kó fi pákó gbẹ́ nǹkan tó ní ìdí bí ìdí ìbọn, kó fi irin kékeré kún inú rẹ̀ títí yóò fi wúwo tó kílò mẹ́ta ààbọ̀, kí ìwúwo náà sì wà láàárín ọwọ́ méjèèjì, kó má pọ̀ síwájú jù. Láti ibi tí ìka ń fà dé ìparí ìdí rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 37 dára fún ẹni tí kò ga jù tí kò kúrú jù. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni pé kí ẹ ká apá, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ ti kọ̀rọ̀ ìgúnpá, kí ẹ wò ó bóyá ìka dé ibi tó ń fà. Ọ̀dà yẹ́lò ni kó kùn ún. Mi ò ṣe àwàdà: ẹni tó bá gba ojú fèrèsé rí òjìji ẹni tó gbé nǹkan gígùn lé èjìká lálẹ́, Àmọ̀tẹ́kùn ló máa pè, kò ní béèrè bóyá pákó ni. Ẹ fa kọ́tìnnì, ẹ sọ fún lándílọ́ọ̀dù, ẹ má sì gbé e jáde ní géètì láé.

Kí ẹ tó tan awò yẹn rárá, ẹ fi okùn so tọ́ọ̀ṣì kékeré mọ́ ẹnu pákó náà. Ẹ pa iná pálọ̀, ẹ pa fáànù òkè pẹ̀lú (mo ti rí ibi tí ẹnu pákó ti wọ inú fáànù). Ẹ dúró láàárín yàrá, kí ẹsẹ̀ òsì ṣáájú díẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kí ìdí ìbọn wà lábẹ́ abíyá. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ìlà tí ògiri ti pàdé sílìǹ. Ẹ máa wọ́ iná náà lọ lórí ìlà yẹn láti igun kan dé èkejì, bó ṣe ń lọ ni kí ẹ máa gbé ìdí ìbọn bọ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn náà ló kan èjìká. Iná kò gbọ́dọ̀ fò. Bó bá já wálẹ̀ sára ògiri bí ìbọn ṣe ń gòkè, ọwọ́ ẹ̀yìn ló kánjú ju ọwọ́ iwájú lọ. Bí orí yín bá tẹ̀ wá pàdé ìbọn, ìyẹn náà ti bàjẹ́. Ìbọn ló ń wá bá orí. Bí iná bá dúró gbagidi lójú kan náà tí ẹ fà á, ẹ ti rí àrùn tó ń pa àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fà á, kí iná ṣì máa lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó lójúmọ́. Bí apá bá ti rẹ̀ yín, àṣà burúkú lẹ ń kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fi rọ́bà de ọ̀pá ìdarí mọ́ pákó náà, kí ẹ dé awò. Ẹ rántí pé gíláàsì awò yẹn dá ojú dúró síbi kan náà, bóyá àwo wà nítòsí tàbí lókèèrè, kò dà bí ìta níbi tí ojú ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ẹ máa fipá wo etí iwájú àwo, ẹ má wo ẹnu ìbọn.

Ní ti Bàbá, ẹ bá mi kí wọn. Kò sí ẹni tó máa kọ́ yín ní ìṣọ́ra ju ọdẹ tó ti dàgbà lọ: bí wọ́n ṣe ń yọ kátíríìjì kí wọ́n tó wọlé, bí ẹnu ìbọn kò ṣe gbọ́dọ̀ kọjú sí èèyàn. Ẹ kọ́ ìyẹn lọ́dọ̀ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n yíyìn wọn yàtọ̀. Ọdẹ alẹ́ ń fi iná orí wá ojú ẹran, ẹran á dúró, ọdẹ á mú èémí dúró, á di ojú kan, á rọra fà á. Gbogbo ohun tó fi ń pa ẹran yẹn ló máa mú kí àwo sá lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ojú méjèèjì là ń là sí àwo, ìbọn kì í sì í dúró. Ohun mìíràn tún wà: ẹ má gbé ṣakabùlà Bàbá wá sí pálọ̀ láti fi ṣe ìdánrawò. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí i, ẹ ò lè ṣí i wo inú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣí ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Bó bá kún, ẹ ò ní mọ̀.

Nǹkan kan ṣì wà tí mo fura sí, torí pé ẹyọ kan péré lẹ fọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ihò kékeré, ẹ la ojú méjèèjì, kí ẹ gba inú ihò náà wo gílóòbù kan lára òpó iná ìta. Ẹ wá di ojú òsì. Bí gílóòbù bá ṣì wà nínú ihò, ojú ọ̀tún ló ń darí. Bó bá pòórá, ojú òsì ni, bí ẹ bá sì ń fi èjìká ọ̀tún yìnbọn, apá òsì àwo ni ọta yín á máa gbà kọjá, bó ti wù kí ẹ ṣe ìdánrawò tó. Ẹ lè lẹ sẹ́lótéèpù díẹ̀ mọ́ gíláàsì ojú òsì, tàbí kí ẹ kọ́ láti máa fi èjìká òsì yìn. Ìsinsìnyí tó jẹ́ pákó lẹ ń gbé ló rọrùn jù láti yí apá padà.

Bí ẹ bá dé ìlú Ọba, ẹ ò nílò ìwé àṣẹ láti yá ìbọn wọn lò ní pápá tí ọlọ́pàá ibẹ̀ bá ti fọwọ́ sí fún yíyìn sí àwo; òfin wọn ti 1968 fàyè gbà á. Ohun tí símúlétọ̀ ò lè fún yín ni ariwo àti bí ìbọn ṣe ń gbáni léjìká, nítorí náà ẹ sọ fún olùkọ́ tó bá gbà yín pé kátíríìjì tí ọta inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 21, tí kì í gbáni púpọ̀, lẹ fẹ́ kọ́kọ́ lò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní 28 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì dí etí.

Bó bá jẹ́ àlòkù awò VR lẹ fẹ́ rà ní Ìwó Road, ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kí wọ́n yọ àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ wo kámẹ́rà iwájú rẹ̀ bóyá ó ti ha. Ẹ dé e sójú kí ẹ wá àbàwọ́n kékeré tí kò kúrò bó ti wù kí ẹ nu ún tó: oòrùn tó gba inú gíláàsì rẹ̀ wọlé ló jó ojú rẹ̀, kò sì ní àtúnṣe. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.