Èsì fún Màmá Ìbejì: ṣé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa nìkan ni wọ́n ń gbà lọ?

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní kí lèrè káwọn yunifásítì òyìnbó máa bá ọsibítù wa ṣèwádìí, àbí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa nìkan ni wọ́n ń gbà lọ. Ẹ má bínú, mi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ẹ wo ti Kánò níbí, Vanderbilt ti Amẹ́ríkà àti Aminu Kano Teaching Hospital jọ ṣe é lórí àwọn ọmọ tó ní sickle cell, torí lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, ọmọ tí àyẹ̀wò Doppler, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú orí, bá fi hàn pé sitiróòkù lè kọlù, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà sí i lára lóṣooṣù, àwa tá a ń wá páìǹtì kan káàkiri bí ẹni ń wá epo, ibo la ti fẹ́ rí i? Ni wọ́n bá dán hydroxyurea wò, oògùn tí ọmọ ń gbé mì nílé. Ọmọ 220 ní Kánò àti Kàdúná, àwọn kan gba 10 mg fún kílò kan ìwúwo ara wọn lójúmọ́, àwọn yòókù 20, iye àwọn tí sitiróòkù kọlù ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn, ìyẹn ni pé ní ti sitiróòkù, ìwọ̀n kékeré náà ṣe bíi ti ńlá.

Àmọ́ mi ò dá yín lẹ́bi tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ Trovan, oògùn tí iléeṣẹ́ Pfizer dán wò lára àwọn ọmọ ní Kánò níbí ní 1996, ò tíì kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn. Tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù wá, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn, kí wọ́n sì ka gbogbo ẹ̀ fún yín lédè tó yé yín kẹ́ ẹ tó sáìn.