Ṣé abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí ló fa òórùn yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ti pé oṣù 4, ọmú nìkan ló ń mu. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ oṣù 3. Láìpẹ́ yìí ni omi kan ń dà lójú ara mi, ó ń rùn bí ẹja, pàápàá tí èmi àti ọkọ mi bá ti wà papọ̀. Ìyá ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ ló ba ilé ọmọ mi jẹ́, kí n má gbà á mọ́, kí n máa fi álọ́ọ̀mù àti omi gbígbóná fọ inú rẹ̀.
Ìyá ìkókó, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó álọ́ọ̀mù yẹn kúrò ní balùwẹ̀ lónìí. Mo ti yẹ obìnrin kan wò tí álọ́ọ̀mù ti bó lára débi pé òwú tí mo fi kàn án pa á lẹ́kún. Òórùn rẹ̀ kò sì lọ.

Kòkòrò rere kan wà lójú ara obìnrin, Lactobacillus ni wọ́n ń pè é. Ṣúgà tó wà lára ògiri ojú ara ló ń jẹ, ó ń sọ ọ́ di kíkan, kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí kòkòrò burúkú ráyè. Họ́mónù ẹ́sítírójìn ló ń pèsè ṣúgà náà. Inú ibi ọmọ ni ẹ́sítírójìn ti ń wá jù nígbà oyún. Bí ibi ọmọ ṣe bọ́ báyìí, ẹ́sítírójìn já wálẹ̀ lójijì, ebi pa kòkòrò rere, àwọn mìíràn sì wọlé. Kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́ rárá nìyẹn o. Ọmú tí ẹ ń fún ọmọ kò tíì jẹ́ kí ẹ́sítírójìn gòkè. Lára àwọn kan, ó lè tó ọdún 1 kí nǹkan tó padà sípò.

Lóòótọ́, abẹ́rẹ́ oṣù 3 náà máa ń dín ẹ́sítírójìn kù, ó sì lè mú kí ojú ara gbẹ. Ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ màmá nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, àìsàn olóòórùn ẹja yìí kì í pọ̀ lára àwọn tó ń lo ìfètòsọ́mọbíbí oníhọ́mónù ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ó tilẹ̀ máa ń kéré. Lára àwọn tó ń lo lúùpù oníbàbà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tí kò ní họ́mónù kankan, ni wọ́n ti ń rí àìsàn náà jù.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n á fi pépà kékeré kan omi náà: bí àmì rẹ̀ bá ju 4.5 lọ, kíkan ti dín kù. Metronidazole ni wọ́n sábà máa ń kọ, ọjọ́ 7 gbáko, kì í ṣe kóró méjì láti kẹ́míìsì. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú. Tó bá jẹ́ pé ó ń yún yín, tí ohun tó ń jáde sì dì, kòkòrò olú (yeast) ló sábà máa ń fà á, oògùn rẹ̀ yàtọ̀. Bí ibà tàbí inú rírun bá dé, ẹ má dúró dọ̀la.

Abẹ́rẹ́ tó kàn ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá nítorí òórùn tó ní oògùn, kí oyún mìíràn má lọ bá ọmọ tí kò tíì jókòó. Bí gbígbẹ náà bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń fi sí apá, ọdún 3 tàbí 5. Ìyá ọlọ́mọ lọ́mú lè lò ó. Ẹ mú màmá dání, kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn lójú yín.