Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì tẹ bọ́tìnì yẹn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní láptọ́ọ̀pù méjì péré ló wà nílé yín, síbẹ̀ iTunes, ètò Apple tí a fi ń ra orin àti fíìmù tí a sì fi ń ṣí wọn, ń sọ pé kọ̀ǹpútà márùn-ún tí wọ́n fàyè gbà ti pé lórí àkáǹtì tí àbúrò yín bá yín ṣí ní London, fíìmù àwọn ọmọ ò sì ṣí mọ́ lórí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá yín tún ṣe. Ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ẹ tẹ "Deauthorize All", bọ́tìnì tó ń gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá fíìmù ò ní pòórá, àti bóyá kò ní ṣe fóònù yín ní nǹkan kan.

iTunes ò purọ́ mọ́ yín. Kì í ṣe láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì yín ló ń kà. Tẹ́ẹ bá fún kọ̀ǹpútà láṣẹ láti ṣí ohun tẹ́ẹ rà, iTunes máa ń wo àwọn nǹkan tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn àti Windows tó wà lórí ẹ̀, yóò fi wọ́n ṣe àmì ìdánimọ̀, àmì yẹn ni Apple sì ń kọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá pààrọ̀ hard disk, tí wọ́n fi RAM (ìrántí ẹ̀rọ) kún un, tàbí tí wọ́n tún Windows gbé sórí ẹ̀ láìkọ́kọ́ gba àṣẹ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, àmì yẹn lè yí padà, láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo á sì di méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Nílùú Òṣogbo wa yìí, níbi tí iná ti máa ń já wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, ta ni wọn ò tíì bá pààrọ̀ hard disk rí?

Ojú mi rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tèmi kì í ṣe fíìmù, ìwé ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, ni. Mo ra ìwé ìṣirò owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tó jẹ́ pé Adobe Digital Editions la fi ń ṣí i. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni Adobe fàyè gbà fún àkáǹtì kan, ó sì pọ̀ tó fún ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù kan. Iná wá jó hard disk mi, mo gbé e lọ bá ẹnjiníà kan lọ́nà Òkè-Fíà. Mo sọ ọ́ sí i létí pé mo ní ìwé tí mo sanwó fún lórí ẹ̀, pé kó pè mí kó tó fọwọ́ kan Windows. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ wa ni." Kò pe ẹnikẹ́ni.

Àtìgbà náà, kò sí àìsàn tí ọkùnrin yẹn mọ oògùn mìíràn fún. Fáànù ń pariwo, ó gbé Windows tuntun sí i. Lẹ́tà "e" ò tẹ̀ mọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, Windows tuntun. Mo gbà á padà, "e" ò tẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tí mo tọ́jú ti lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì tún fi orúkọ mi wọ Adobe, ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn ló ń jẹ. Lọ́jọ́ kan ni mo rí i gàdàgbà lójú ẹ̀rọ: E_ACT_TOO_MANY_ACTIVATIONS, ìyẹn ni pé iye kọ̀ǹpútà mi ti pé. Ìdánwò ti sún mọ́lé nígbà náà o.

Mo kọ̀wé sí ilé ìtàjà tí mo ti ra ìwé. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa ẹ̀rọ kí n tún un tàn. Ẹni kejì béèrè nọ́ńbà rìsíìtì, èyí tí mo ti kọ sí orí lẹ́tà gangan. Ẹni kẹta ní ìwé mi wà níbẹ̀ digbí, ó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù mi. Sùúrù wo? Èmi tí mo ń fi owó oúnjẹ ṣe fọ́tókọ́pì ìwé ọ̀rẹ́ mi ní Ọláìyá! Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ fún mi pé wọn ò lágbára lórí iye kọ̀ǹpútà yẹn rárá, pé Adobe fúnra ẹ̀ ló ń bá èèyàn tú u. Nígbà tí mo kàn sí Adobe, ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ rárá. Torí náà, ẹni tó bá ń lo Adobe Digital Editions, kẹ́ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde nílé, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti D pọ̀, ẹ gba àṣẹ yín kúrò lórí ẹ̀. Ẹ má dúró de ẹnjiníà.

Ẹ jẹ́ n padà sí tiyín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gbà kéèyàn tẹ "Deauthorize All", ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ẹ rọra. Lórí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n tún ṣe, ẹ lọ sí Account, lẹ́yìn náà Authorizations, kẹ́ẹ yan "Deauthorize This Computer". Ẹ ṣe é léraléra títí tó fi máa sọ pé kò sí àṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà náà mọ́, torí ẹ̀rọ kan lè di àṣẹ bíi mélòó kan mú. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ wá fún un láṣẹ padà. Àkáǹtì tí wọ́n fi ra fíìmù ni kẹ́ẹ lò o. Tó bá jẹ́ ti àbúrò yín ni wọ́n fi rà á, tiyín ò lè ṣí i láyé.

Tí márùn-ún bá ṣì pé, ẹ wá tẹ bọ́tìnì yẹn. Inú View My Account ló wà, ẹ ó rí i. Fíìmù ò ní pòórá, kò kàn ní ṣí títí ẹ ó fi fún kọ̀ǹpútà láṣẹ padà ni, íntánẹ́ẹ̀tì la sì fi ń ṣe ìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tí dátà bá kù díẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá tún ní kẹ́ẹ sanwó kí òun bá yín "ṣí" orin yín, ẹ wo ìparí orúkọ fáìlì náà. Láti 2009 ni orin tí iTunes ń tà ò ti ní àgádágodo mọ́. Tó bá parí sí m4a, ibi tó bá wù yín ló ti máa kọrin. Àwọn àtijọ́ tó parí sí m4p ló ń béèrè àṣẹ. Ẹ má sì fún ẹnjiníà ní páásíwọ́ọ̀dù yín o, kò sí ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Mo fẹ́ gbàgbé fóònù. Bọ́tìnì yẹn ò kàn án, kọ̀ǹpútà nìkan ló ń gba irú àṣẹ yìí. Ohun tó kan fóònù ni pé ẹ̀rọ mẹ́wàá ni àpapọ̀ ohun tó lè so mọ́ àkáǹtì kan, kọ̀ǹpútà ò sì gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ nínú wọn. Tẹ́ẹ bá fẹ́ yọ fóònù kan kúrò lórí tiyín kẹ́ẹ fi sórí àkáǹtì ẹlòmíì, ó lè gbà tó 90 ọjọ́ kí wọ́n tó gbà, torí náà ẹ má ṣèlérí ẹ̀ fún Táyé tàbí Kẹ́hìndé fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.