Ohùn ńlá kọ́ ló ń sọ fíìmù di àròkọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kàbbà ni mo ń gbé. Mo ya ìyá mi àgbà nídìí òfì wọn ní Bùnú, mo sì fẹ́ fi ṣe fíìmù àròkọ. Ẹnì kan ní kí n kọ àròkọ olójú ìwé mẹ́ta, kí n wá sanwó fún ọkùnrin olóhùn ńlá kó kà á sórí àwòrán. Èló ló yẹ kí n san?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, àbúrò mi. Má san kọ́bọ̀. Wọ́n ti bi mí ní irú èyí títí ó sú mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá dijú, tí mo ṣì gbọ́ gbogbo ohun tí o fẹ́ sọ, rédíò lo ṣe.

Nínú fíìmù àròkọ, ẹni tó ya á ń ronú lójú wa ni. Nínú fíìmù Lettre de Sibérie (Lẹ́tà láti Siberia), ní 1957, Chris Marker, ayafíìmù ará Faransé, fi òpópónà kan hàn ní Yakutsk, ìlú kan ní Siberia, lábẹ́ ìjọba Soviet ti Rọ́ṣíà ìgbà náà: bọ́ọ̀sì ń kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ń tún títì ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi àwòrán kan náà hàn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yin ìjọba Soviet. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹnu àtẹ́ lù ú. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó sì ní èyí pàápàá kò tọ̀nà. Bọ́ọ̀sì kò yí padà, ojú tí a fi ń wò ó ló yí. Olóhùn ńlá yẹn á kàn ké "àṣà wa tó ń kú lọ" lé ìyá rẹ lórí, nígbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń hun aṣọ tí oníbàárà ń dúró dè.

Pa ohùn fídíò rẹ, kí o máa wò ó. Wo ibi tí wọ́n ti fi igi pẹlẹbẹ gbá òwú wọlé, tí wọ́n dúró, tí wọ́n fọwọ́ pa aṣọ náà wò. Kí ló dá wọn dúró? Bí o kò bá mọ̀, lọ bi wọ́n, kí a gbọ́ ìbéèrè náà lẹ́nu rẹ, lédè tí ẹ jọ ń sọ nílé, bó ti wù kí ohùn rẹ tínrín tó. Gbólóhùn tó bá ń sọ ohun tí ojú ti rí, gé e dànù.

Gba àṣẹ ìyá, kí o sì ká a sínú fídíò. Bí aṣọ òkú tàbí ẹrù egúngún bá wọ inú àwòrán, bi àwọn àgbà ìdílé kí o tó gbé e síta. Èmi kì í ṣe lọ́yà o: ẹni tó bá fẹ́ ra fíìmù náà, jẹ́ kí lọ́yà ka ìwé àdéhùn rẹ̀ kí o tó buwọ́ lù ú. Owó olóhùn ńlá yẹn, fi ra maikirofóònù kékeré tí ìyá lè fi há ọrùn aṣọ.