Wọ́n ní ilé ti tán torí àwọ̀ ọmọ mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Ohio lọ wo ilé, wọ́n ní ẹnì kan ti gbà á, àfi bí òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe pè wọ́n lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ní kó máa bọ̀ wá wò ó. Ṣé kò sẹ́ni tó lè gbèjà ẹ̀ ni? Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ó dùn mí gan-an. Àwọn tó ń gbèjà wà mà, ó sì ti pẹ́. Ní Shaker Heights, Ohio yẹn náà, wọ́n ju bọ́ǹbù sílé aláwọ̀ dúdú kan ní 1956, làwọn ará àdúgbò Ludlow, dúdú àti funfun, bá kóra jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1957, bíi regbéregbé tiwa níbí àmọ́ tiwọn ò wo ọjọ́ orí, wọ́n tiẹ̀ ń yá èèyàn lówó ra ilé kí dúdú àti funfun lè jọ máa gbé.

Ohun tí òyìnbó yẹn ṣe gan-an làwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe: wọ́n á rán dúdú lọ, wọ́n á rán funfun tẹ̀lé e, ìdáhùn méjèèjì á di ẹ̀rí. Látọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka irú ẹ̀ léèwọ̀. Kí ọmọ yín kọ déètì àti orúkọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó má dẹ̀ẹ́ pa mẹ́sẹ́èjì kankan rẹ́ o, kó bẹ òyìnbó yẹn kó jẹ́rìí, kó wá fi ẹjọ́ sun HUD, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, kọ́dún kan tó pé. Wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.