Ọ́ìlì nínú ihò plọ́ọ̀gì: ẹ wo ẹnu plọ́ọ̀gì kí ẹ tó gbà pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan. Ẹ ní ẹ yọ kọ́ìlì tó ń fi iná ránṣẹ́ sí plọ́ọ̀gì, ẹ bá ọ́ìlì nínú ihò plọ́ọ̀gì méjì, ọkọ̀ ń gbọ̀n tó bá dúró, mẹkáníìkì sì ní ríìngì, ìyẹn òrùka irin tó yí písítìnnì ká nínú sílíńdà, ti jẹ. Bó ṣe ṣe ọkọ̀ tèmi gan-an nìyẹn, ohun kan náà sì ni wọ́n sọ fún mi. Kì í ṣe ríìngì rárá.

Ríìngì tó bá jẹ, inú sílíńdà ló ń kó ọ́ìlì sí. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà gòkè wá sínú ihò tí kọ́ìlì ń wọ̀. Nítorí náà, ẹ tú plọ́ọ̀gì, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí iná ti ń ta. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tó ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, tó jẹ́ pé òkè nìkan ló rin, òkè náà ni ọ́ìlì ti ń wá. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú tó sì ń yọ̀ fún ọ́ìlì, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ríìngì tàbí síìlì fáàfù (rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró lára fáàfù) wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ fa ihò náà gbẹ kí ẹ tó tú plọ́ọ̀gì o, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù. Bí ẹ bá tú u láìfa ihò gbẹ, ọ́ìlì yóò dà sínú sílíńdà, yóò rin ẹnu plọ́ọ̀gì, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Tó bá pọ̀ gan-an ńkọ́? Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, bí písítìnnì bá gòkè bá a, ó lè mú kí irin tó di písítìnnì mú wọ́. Síríńjì tí mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí lẹ́nu ni mo fi fa tèmi, mo wá fi àkísà tó mọ́ nu ìyókù.

Ibi tí ó ti ń jò ni abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Gáskẹ́ẹ̀tì kan yí etí kọ́fà náà ká, síìlì rọ́bà kékeré sì wà yí ihò plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ká. Ooru ló ń sọ rọ́bà wọ̀nyí di líle títí tí wọn yóò fi sán. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí: gáskẹ́ẹ̀tì etí nìkan ni wọ́n pààrọ̀ fún mi nígbà àkọ́kọ́. Ara ẹ́ńjìnnì gbẹ, gbogbo wa dunnú, àfi bí ihò plọ́ọ̀gì ṣe tún kún. Síìlì àtijọ́ ni wọ́n dá padà síbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí síìlì wọn lẹ̀ mọ́ kọ́fà, tó jẹ́ pé odindi kọ́fà lẹ máa rà, torí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ wo fáàfù PCV náà. Òun ló ń jẹ́ kí èéfín inú ẹ́ńjìnnì rọ́nà jáde. Tó bá dí, afẹ́fẹ́ á máa ti ọ́ìlì jáde, síìlì tuntun pàápàá kò ní pẹ́.

Tí wọ́n bá ń dá kọ́fà padà, ẹ dúró tì wọ́n. Kí wọ́n ha ojú irin méjèèjì mọ́. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ ní igun tí kọ́fà táímì (ìdérí iwájú tó bo ṣéènì ẹ́ńjìnnì) ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì ti tó. Èyí tó bá pọ̀ jù lè já bọ́ sínú, kó lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì. Àárín ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn bóòtù rẹ̀ lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì púpọ̀ kò béèrè ju nǹkan bí 10 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń de bóòtù) lọ, ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sọ iye rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá fi agbára dè é yóò ṣẹ́ bóòtù tàbí kí ó fún gáskẹ́ẹ̀tì jáde.

Ní ti gbígbọ̀n yẹn, ọ́ìlì máa ń mú rọ́bà ẹsẹ̀ kọ́ìlì wú kó sì rọ̀, iná á wá máa ta sára irin dípò ẹnu plọ́ọ̀gì. Bí sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú ọkọ̀, bá sọ pé sílíńdà kan kò jó dáadáa, P0301, sílíńdà kìíní ni, P0302, ìkejì. Ẹ gbé kọ́ìlì ibẹ̀ lọ sí sílíńdà mìíràn: bí nọ́ńbà náà bá tẹ̀ lé e, kọ́ìlì tàbí rọ́bà rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú, ẹ má wà á mọ́, torí epo tí kò jó ń lọ bá katalísítì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín, ó sì ń sun ún.

Tí ẹ bá ti ń lo ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún yọ kọ́ìlì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Bí ọ́ìlì bá padà pẹ̀lú síìlì tuntun àti PCV tó mọ́, ẹ ní kí wọ́n wo ìdí páìpù ihò náà, níbi tó ti wọnú orí ẹ́ńjìnnì. Ní àwọn ọkọ̀ kan, ó ń jò láti ibẹ̀ pẹ̀lú.