Àríwísí àti ìbáwí: kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ìbéèrè tó wọlé láti ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ akọrin kan nìyí: “Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àríwísí mi ti pọ̀ jù. Èmi rò pé ìbáwí ni mò ń ṣe. Kí ni ìyàtọ̀ wọn, báwo sì ni Kristẹni ṣe ń bọ́ nínú ìwà yìí?”

Ẹ tú ọ̀rọ̀ méjèèjì palẹ̀. “Wí” wà nínú wọn. Nínú àríwísí, a rí, a wí, a sì wí i *sí* ènìyàn. Nínú ìbáwí, a *bá* a wí. Ẹni tó ń báni wí ti wà pẹ̀lú ẹni kó tó lanu. Alárìíwísí dúró lókèèrè, ó ń ju ọ̀rọ̀ bí òkò. Ìdí nìyí táwọn àgbà fi ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ara ẹnì kan ṣoṣo ni ọwọ́ méjèèjì wà o. Ẹ ò lè wí tán, kí ẹ wá máa retí pé ìyàwó pásítọ̀ ni yóò lọ tù ú nínú.

Ẹni tó yẹ kí ẹ wò dáadáa ni Jósẹ́fù ará Kípírù, tí àwọn àpọ́sítélì sọ ní Bánábà, Ọmọ Ìtùnú (Ìṣe 4:36). Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀, *paraklesis*, gbòòrò ju ìtùnú lọ: láti gbòǹgbò yẹn kan náà ni ohun tí Bíbélì wa pè ní “gbà níyànjú” ní orí 11:23 ti wá. Ìyànjú yìí ló sì wà nínú “gbìyànjú”. Ẹni tí a bá gbà níyànjú lóòótọ́ máa ń dìde láti tún un gbìyànjú ni.

Nígbà tí ìjọ Jerúsálẹ́mù rán Bánábà lọ sí Áńtíókù, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ ló bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àléébù kò ní wá a tì. Ohun tí Lúùkù kọ ni pé ó rí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, ó sì yọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá Sọ́ọ̀lù, tí a tún ń pè ní Pọ́ọ̀lù, lọ sí Társù, ọdún kan gbáko ni àwọn méjèèjì sì fi kọ́ ìjọ náà.

Ká ní akọrin kan ń pẹ́ dé ìdánrawò. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, kí ẹ dúpẹ́ fún ohun kan pàtó tó ń ṣe dáadáa. Ẹ yẹ ìtì igi ojú tiyín wò. Jésù kò ní kí a fi ẹ̀rún igi sílẹ̀, ó ní ìgbà náà la ó tó ríran kedere láti yọ ọ́ (Mátíù 7:5). Kí ẹ wá bá a sọ ọ́, ẹ̀yin méjì péré, bí Mátíù 18:15 ti wí. Ọ̀rọ̀ ìpẹ́dé nìkan ni o, ẹ má fi ti aṣọ àti ti ohùn kún un. Ẹ bèèrè ohun tó ń dá a dúró, nítorí ó lè jẹ́ ọkọ̀ ni kò rí wọ̀.

Ohun tó sábà ń ba ìyànjú jẹ́ ni “ṣùgbọ́n”. “O kọrin dáadáa, ṣùgbọ́n…”, kò sẹ́ni tó ń rántí ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ yìn ín lọ́jọ́ Àìkú kí ẹ dákẹ́, kí ẹ bá a wí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ má sì fi àdúrà bò ó, bíi “ẹ jẹ́ ká ran arábìnrin wa lọ́wọ́ nínú àdúrà lórí ìwà rẹ̀”: òfófó nìyẹn.

Ìpọ́nni náà kì í ṣe ìyànjú. Bánábà fúnra rẹ̀ bá àwọn Júù yòókù lọ nínú àgàbàgebè ní Áńtíókù, Pọ́ọ̀lù kò sì fi í pamọ́ (Gálátíà 2:13). Síbẹ̀, nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ Jòhánù Máàkù nítorí pé ó fi wọ́n sílẹ̀ ní Pámfílíà, Bánábà ló mú un dání lọ sí Kípírù. Nígbà tó yá, Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló kọ̀wé sí Tímótì pé kó mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun.